Ọdún Tí Màmá Ń Fi Ojú Mi Wẹ Ọmọ

Bí ẹ bá bi mí pé irú ariwo wo ló wà nílé wa l'Áyọ̀bọ̀ lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, igbe ọmọ tuntun nínú bẹ́sìnì ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá tó rántí dọ́rọ́ tá a fi ń fa omi, bó ṣe ń já sínú kànga, ṣọ́bìrì àwọn bíríkìlà tó ń po sìmẹ́ńtì lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, àti Bàbá Láńlọ́ọ̀dù tó máa ń fi ikọ́ kí gbogbo ayálégbé kó tó fi ẹnu kí wọn. Ìyá tó bí mọ́mì mi ló ń wẹ àwọn ọmọ yẹn. Àwa ń pè é ní Màmá. Àdúgbò ń pè é ní Màmá Ìsẹ́yìn, torí láti Ìsẹ́yìn ló ti wá bá wa nígbà tí bàbá mi kú, tí mọ́mì mi sì ń fi ìdájí jáde lọ síbi iṣẹ́ n'Íkẹjà. Èmi nìkan ni wọ́n ní kó wá tọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Kó tó pé oṣù mẹ́ta tó dé, kò sí obìnrin tó bímọ lójúlé wa, àti lójúlé mẹ́rin-márùn-ún tó yí wa ká, tí kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ omi.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí ẹ̀. Ayọ̀bọ̀ ìgbà yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ló ń di ilé. Ẹni tó bá rí yàrá kan gbà níbẹ̀, ó ti fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹdẹ tàbí ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ṣakí, ọ̀nà sì jìn. Obìnrin á bímọ tán, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ọmọ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún. Màmá á kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ta ló ń wẹ̀ ẹ́ fún ọ?" Bí wọ́n bá ti ní kò sí, á ti máa ká ìró ẹ̀ sókè orúnkún. Kò ní bèèrè ẹ̀sìn, kò ní bèèrè ìlú. Á jókòó sórí àpótí nínú kọ̀rídọ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, lẹ́yìn náà òrí láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kọ̀rídọ̀ ilé wa ṣókùnkùn, yàrá márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo ìwẹ̀ ti ń wáyé, torí wọ́n ní atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí ọmọ tí ò tíì lórúkọ.

Èmi ni mò ń gbé kànìnkànìn, èmi ni mò ń gbé òrí, èmi náà sì ni mò ń da ìbéèrè sílẹ̀ bí ẹni da ẹ̀wà. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tẹ orí ẹ̀?" "Kó má baà rí bíi tìẹ ni." "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fà á lápá?" "Kó lè gbá ẹni tó bá ń da ìbéèrè bò ó létí." "Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń jù ú sókè?" Ìyẹn nìkan ló máa ń fi ọgbọ́n dáhùn. Á ní, "Kẹ́rù má bà á. Ẹni tí wọ́n bá jù sókè lọ́mọdé, tó rí i pé wọ́n hán òun, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ láyé." Mo ní, "Bí wọn ò bá wá hán an ńkọ́?" Ó ní, "Àjíkẹ́, gbé òrí wá jàre." Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn fún mi.

Ṣùgbọ́n òun náà ní ìbéèrè tiẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Bó bá ti da aṣọ bo ọmọ tán, á yí i sí mi, á ní, "Kí lo rí lára ọmọ?" Mo ní láti wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí n sì sọ ọ́: ìwọ́ ẹ̀ ti ń gbẹ, nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lọ́rùn, èékánná ti fi ha ojú. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi ni, inú mi sì máa ń dùn, torí nílé ìwé, ta ló ń bi ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kí ló rí? Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan, ọjọ́ Sátidé ni. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù sá ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sórí okùn lábẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé. Màmá kọjá níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jíire o." Ṣẹ́ẹ̀tì ò dáhùn. "Bàbá, ṣé dáadáa lẹ sùn?" Ṣẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Màmá bínú, ó kọjú sí mi, ó ní, "Kí ni mo ṣe fún ọkùnrin yìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí i pé kò mọ ohun tí mò ń fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Nǹkan funfun bíi mílíìkì ti bo ẹyinjú méjèèjì.

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi: ìdí tó fi ń ti ìka bọ omi kó tó bu ú, ìdí tó fi ń dúró kí èèyàn sọ̀rọ̀ kó tó dárúkọ ẹni náà. Ó fà mí mọ́ra lábẹ́ igi ìyeyè yẹn. "Àjíkẹ́, ẹnu ẹ dà?" "Ó wà níbí, Màmá." "Pa á dé. Bí ìyá ẹ bá gbọ́, á ní kí n máa jókòó. Àgbà tí wọ́n bá ní kó máa jókòó l'Ékòó, wọ́n ti gbé e sí kọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́. Ìwọ ṣá máa sọ ohun tí o rí fún mi." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí àgbà tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí máa fi ojú tèmi ríran! Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò fi ìwẹ̀ kankan ṣeré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ bímọ. Yàrá ẹ̀ dojú kọ tiwa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ. Mo ti rí i tó wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, tó fi ẹsẹ̀ lásán gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ àwẹ̀, mi ò lè ka iye ìgbà. Ìyá ẹ̀ ti kú láti kékeré. Ọkọ ẹ̀, Bọ̀dá Sámú, ọkùnrin pupa fòò kan tí kì í sọ̀rọ̀, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin náà délé. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan la ní o." Màmá ní, "Dìde, omi ń tutù." Ó se ẹ̀kọ gbígbóná fún ìyá ọmọ, ó fi ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ aláta tì í, ó jókòó tì í títí ó fi mu ún tán, ó tún ń bá a wí pé ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn kì í jẹun bí ẹyẹ. Aṣọ fèrèsé wọn ò ṣí rárá, kí oòrùn má baà pa ọmọ lójú. Nínú òkùnkùn ni ọmọ náà ń sùn, nínú òkùnkùn la sì ń wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni katapílà dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìgboro, ó lè má yé yín. Wọ́n fẹ́ la títì sí ẹ̀yìn ilé wa, katapílà yẹ́lò kan sì ń hú igi kòkó tòun ti gbòǹgbò, gbogbo ọmọdé àdúgbò ń sáré lọ wò ó láti àárọ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí iná ẹ̀ ti ń wá. Mo fẹ́ mọ bóyá ọkùnrin tó ń wà á lè jẹun lórí ẹ̀. Ọmọ Àǹtí Bọ́sẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Màmá wẹ̀ ẹ́ tán, ó da aṣọ bò ó, ó ní, "Kí lo rí lára ọmọ?" Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Kò sí nǹkan, Màmá. Ó mọ́ tónítóní." Mi ò wò ó. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ó tún bi mí, mo tún ní kò sí nǹkan, ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ mi nítorí katapílà. Màmá gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀ nígbà méjèèjì, ó ní, "Gbà, ara ẹ̀ dá ṣáṣá." Èmi ti dé ẹ̀yìn ilé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ náà ò ké nínú omi. Ọwọ́ Màmá dúró. Ó tún bu omi sí i láyà, kò ké. Ó gbé apá ẹ̀ sókè, apá náà já bọ́ wọ̀ọ̀. Màmá ní, "Ọmọ yìí ò bá mi jà lónìí." Ó dìde pẹ̀lú ọmọ náà níhòòhò, ó ń fi èjìká wá ògiri, ó gbé e gba kọ̀rídọ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, sínú oòrùn, ohun tí òun fúnra ẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìyá ọmọ pé èèwọ̀ ni. Ó dúró lábẹ́ igi ìyeyè. Ó ní, "Àjíkẹ́, wá. Fi ìka ṣí ojú ẹ̀. Wò ó dáadáa. Kí lo rí?" Èso ìyeyè ti já sílẹ̀ káàkiri ẹsẹ̀ wa. Mo wo èso, mo wo ojú ọmọ. Mo ní, "Màmá, ó pọ́n. Funfun ojú ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ara ẹ̀ náà pọ́n." Ó ní, "Lánàá ńkọ́?" Mo tẹ orí ba. Ó tún ní, "Lánàá ńkọ́, Àjíkẹ́?" Omi ń kán láti ara ọmọ náà sí mi lẹ́sẹ̀. Màmá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ mi, ó sì yé e.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti sáré tẹ̀ lé wa, ìró ń já lára ẹ̀. "Màmá, ṣé kò sí o?" Gbogbo ilé ti ń jáde. Màmá kò yí ojú sí èmi rárá. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, ibà pọ́njú-pọ́njú ló mú ọmọ. Ojú mi ò ríran mọ́. Ó ti pẹ́ tí ò ti ríran, mi ò sì sọ fún yín. Jẹ́ ká máa lọ ọsibítù." Ìyá Wàsíù, ará yàrá kẹta, tí Màmá ti wẹ ọmọ fún lẹ́ẹ̀mejì, ló káwọ́ lérí kígbe: "Yéè! Afọ́jú ló ti ń wẹ ọmọ wa látọjọ́ yìí!" Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì rí ọ̀rọ̀ fi tẹ̀ lé e. Típà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já yanrìn fún àwọn bíríkìlà ló gbé wọn, Àǹtí Bọ́sẹ̀ àti Màmá níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, Bọ̀dá Sámú lẹ́yìn níbi tí yanrìn wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí Ìpájà ò dáa, mo ń wo típà náà bó ṣe ń bọ́ sí kòtò kan tó ń jáde ní òmíràn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà ké. Mi ò lọ wo katapílà mọ́ láéláé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Màmá tó padà, òun nìkan nínú wọn, ẹnì kan ló fà á lọ́wọ́ délé. Ó ní wọ́n ti tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná búlúù kan, wọ́n fi aṣọ dí i lójú. Nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá káńfọ̀ wà nínú àpótí aṣọ ọmọ, ó sì wà ńbẹ̀ lóòótọ́, wóró funfun mẹ́fà, kí aáyán má baà jẹ aṣọ tí wọ́n ti ń kó pamọ́ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n dà á nù, ó lè dá kún un. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ á yè. Mo jókòó ti Màmá, mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo ní, "Màmá, mi ò wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mi ò wò ó." Ó ní, "Mo mọ̀." Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù mí lójú, ó ṣi ojú náà mú, imú ló nù. "Gbọ́, Àjíkẹ́. Èmi ni wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́, wọn ò gbé e lé ìwọ lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́. O ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, o gbọ́?" Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ bu gaàrí mu, èèyàn kì í fi ebi tọrọ àforíjì.

Ọmọ náà yè. Inú ọsibítù ni ọjọ́ kẹjọ bá a, àlùfáà ìjọ wọn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú oyin àti omi, wọ́n sọ ọ́ ní Àánú. Ṣùgbọ́n nílé wa, kò sẹ́ni tó wá kan ilẹ̀kùn Màmá mọ́. Obìnrin kan bímọ lójúlé kejì, a gbọ́ igbe ọmọ náà, a ò gbọ́ ẹni tó ń pè wá. Màmá á jí, á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó, á fi òrí pa ọwọ́ ara ẹ̀. Mọ́mì mi gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu Ìyá Wàsíù. Ó bá Màmá jà, ó sunkún, ó ní òun ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Mo bi Màmá pé kí ló ń rò. Ó ní, "Mò ń tẹ́tí sí ọmọ ojúlé kejì. Wọ́n ń fi omi tútù wẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Àánú délé, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ò wọ yàrá ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá ló gbé e wá tààrà. Ó ní, "Màmá, omi ti wà lórí iná." Màmá ní, "Bọ́sẹ̀, wá ẹni tó ríran." Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé ọmọ náà lé e lórí ẹsẹ̀, ó ní, "Mi ò ní ìyá míì." Màmá fi ọwọ́ wá àtàrí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ bíi ti tẹ́lẹ̀: kí n gbé àpótí kúrò ní kọ̀rídọ̀ lọ síta, síbi tí oòrùn wà, kí ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ wò ó, kó sọ ohun tó rí, lẹ́yìn náà kí èmi náà wò ó, kí n sọ tèmi, ìgbà náà ni òun á tó fọwọ́ kan omi. Bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ lójúlé wa látìgbà yẹn nìyẹn. Kó tó di ọdún tuntun, Ìyá Wàsíù pàápàá ti tún gbé oyún kẹta wá kí Màmá. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀hún tán tí wọ́n tú aṣọ kúrò, èmi ló kọ́kọ́ rí. Ó wò mí títí, ó ní, "Àṣé bí o ṣe rí nìyí, tí mo ti ń kẹ́ ẹ látọjọ́ yìí." Wọ́n gbé Àánú fún un. Ìyẹn ni kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe sí, ẹkún ló sun.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti lọ. Èmi náà ti lé lógójì, ìlérí tí mo ṣe fún un pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ò sì kúrò láyà mi. Lọ́dún tó kọjá, Àánú bímọ, ní Gowon Estate níbi tí òun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé. Àǹtí Bọ́sẹ̀ lọ tọ́jú ìyá àti ọmọ, orúnkún ń dùn ún, kò lè jókòó sórí àpótí, ló bá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun wẹ ọmọ-ọmọ òun. Mo dúró ní kíṣìnnì, mò ń wo omi lórí gáàsì, mo sì rí i pé mi ò lè fọwọ́ kan ọmọ ilé yẹn láìsọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Bọ́sẹ̀. Mo ní, "Mà, kì í ṣe Màmá ló jẹ̀bi nígbà tí ibà mú Àánú. Èmi ló bi, èmi ni mi ò wò ó. Katapílà ni mò ń sáré lọ wò."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ na ọwọ́, ó dín iná gáàsì kù. Ó ní, "Àjíkẹ́, èmi náà ní ojú méjì." Mi ò tíì mọ ibi tó ń lọ. "Mo rí i. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti rí i. Mo ṣí aṣọ fèrèsé díẹ̀, mo rí i pé ọmọ mi pọ́n. Mo ní pupa bàbá ẹ̀ ló mú. Mo ní bó bá jẹ́ nǹkan ni, Màmá ì bá ti rí i. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó..." Kò lè parí òwe náà. Ó fi etí ìró nu ojú. "Màmá gbẹ́kẹ̀ lé ọ, èmi gbẹ́kẹ̀ lé Màmá, ìwọ ọmọdé náà gbẹ́kẹ̀ lé e pé àgbà mọ ohun gbogbo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àánú. Bí mo ṣe jẹ́ kí ìyá yẹn nìkan ru ẹ̀bi náà, tí wọ́n pè é ní afọ́jú lójú mi, mi ò la ẹnu. Ìyẹn ni èmi náà ń gbé kiri." A di ara wa mú níbẹ̀, obìnrin méjì nínú kíṣìnnì, a ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Àánú ló yọ orí wọlé pẹ̀lú ọmọ léjìká. "Ẹ̀yin méjèèjì, kí ló ṣẹlẹ̀? Omi ń tutù o." Mo nu ojú mi. Mo gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà bálíkónì, níbi tí oòrùn ti wọlé, mo na ẹsẹ̀ mi gbọọrọ. Ó fẹ́ gbé ọmọ náà lé mi lórí ojúgun, mo ní rárá, ìyá ọmọ ló ń kọ́kọ́ wò ó. Mo ní, "Kí lo rí lára ọmọ?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka ṣí ojú kan, ó ṣí èkejì, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn etí. Ìyá ẹ̀ sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé ó dáa?"

"Ẹ ní sùúrù, Mọ́mì," ni Àánú wí, "mi ò tíì wò ó tán."